Àkọ́jáde Láptọ́ọ̀pù Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́: Ṣé Kí A Rà Á Ni, Tàbí Kí A Dúró?

Kò sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ kan tí àwọn òbí kì í bá wa sọ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn ìsìn. Ọmọ ti wọ Yunifásítì Èkó ní Akọka, tàbí Yaba College of Technology. Ó ti sọ fún bàbá rẹ̀ pé láptọ́ọ̀pù kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ó fẹ́lẹ́, ó fúyẹ́, kò sí irú rẹ̀ rí. Bàbá wo àpò, ó wo ojú ọmọ, ó wá bi wá pé: "Pásítọ̀, ṣé kí n rà á ni, àbí kí n ní kí ó mú sùúrù?"

Ọ̀rọ̀ yìí kò kéré. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Surulere, Yaba àti Mushin, owó láptọ́ọ̀pù kan lè jẹ́ owó ilé ọdún kan, tàbí owó ọjà tí ìyá fi ń tajà, tàbí owó ilé ìwé àbúrò. Ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

OHUN TÍ OJÚ ÀWỌN TÍ Ó KỌ́KỌ́ RÀ Á RÍ

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2007, ilé iṣẹ́ ASUS ti ilẹ̀ Taiwan gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan jáde tí wọ́n pè ní Eee PC. Kò wúwo tó kílò kan. Ojú rẹ̀ kò ju íǹṣì 7 lọ, ibi ìpamọ́ rẹ̀ kò sì ju 4GB lọ. Èyí ń lọ fún bí 400 dọ́là ní Amẹ́ríkà. Inú àwọn ènìyàn dùn, wọ́n sì rà á gan-an. Ṣùgbọ́n kí ọdún kan tó pé, ASUS fúnra rẹ̀ ti gbé àwọn mìíràn jáde tí ojú wọn fẹ̀ tó íǹṣì 9 àti 10, tí ibi ìpamọ́ wọn pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. HP, Acer àti Dell náà sì ti gbé tiwọn wá sọ́jà.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2008, Steve Jobs, olórí ilé iṣẹ́ Apple nígbà náà, yọ MacBook Air jáde láti inú àpòòwé lójú gbogbo ènìyàn. Ẹnu yà wọ́n. Iye rẹ̀ ni 1,799 dọ́là. Nígbà náà, bí ₦118 ni dọ́là kan, nítorí náà ó lé ní ₦210,000, kí a tó ka owó tí a fi gbé e wọ̀lú. Ẹ rántí pé ₦5,500 ni òfin fi owó oṣù tí ó kéré jù lọ sí láti ọdún 2000. Owó oṣù ọdún mẹ́ta kò lè rà á. Ihò USB kan ṣoṣo ni ó ní, a kò sì lè fi kún agbára ìrántí rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti rà á. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, Apple tún un ṣe. Èyí tí ó kéré jù wá di 999 dọ́là, ó yára ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì ní ihò USB méjì.

Kí ni ó fa èyí? Lọ́wọ́ àwọn tí ó kọ́kọ́ rà á ni àléébù ti ń hàn. Ìgbà tí wọ́n bá ké ni ilé iṣẹ́ yóò tún un ṣe. Àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ a sì máa dínwó bí àwọn tí ń ṣe é ti ń pọ̀ sí i. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́: ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

ṢÙGBỌ́N DÍDÚRÓ NÁÀ Ń NÁ NI LÓWÓ

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, à bá kàn sọ fún gbogbo òbí pé kí wọ́n dúró. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ti ń sọ tẹ́lẹ̀, ó sì yẹ kí a jẹ́wọ́ ibi tí ó gbé wa dé.

Ní ìparí ọdún 2022, arábìnrin kan nínú ìjọ wa, aránṣọ ni ní Mushin, kó àjọ rẹ̀. Ó fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù fún ọmọbìnrin rẹ̀ tí ó wà ní ilé ìwé gíga. Èyí tí ọmọ ń fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. A ní kí ó dúró, nítorí pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ wálẹ̀. Ó gbọ́ràn sí wa lẹ́nu, ó fi owó náà sí báńkì.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà jọ̀wọ́ náírà fún ọjà. Dọ́là kan tí ó wà ní bí ₦460 tẹ́lẹ̀ nílé ìjọba ti kọjá ₦1,400 ní oṣù kejì ọdún 2024. Owó tí ìyá yìí fi pamọ́ kò dín kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n kò ra tuntun mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ra tòkunbọ̀ tí ó dára. Ọmọ náà ń lọ tẹ iṣẹ́ ìwádìí àṣejáde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń sanwó lórí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ó sì tún ń san òmíràn nígbàkígbà tí olùkọ́ bá ní kí ó tún un ṣe. A lọ sí ilé wọn, a bẹ̀ wọ́n.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìmọ̀ràn tí ó bá Amẹ́ríkà mu kò bá Mushin mu bẹ́ẹ̀ náà. Níbẹ̀, ẹ̀rọ ń wálẹ̀, owó wọn sì dúró. Níhìn-ín, náírà lè yára wálẹ̀ ju ẹ̀rọ lọ. Àṣìṣe wa tí ó tóbi jù ni pé a kò béèrè iṣẹ́ tí ọmọ náà fẹ́ fi ẹ̀rọ ṣe. Ká ní a béèrè ni, à bá ti rí i pé láptọ́ọ̀pù tí ó ti lò tó ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́jà yóò ṣe gbogbo rẹ̀, owó ìyá rẹ̀ sì ká a nígbà náà.

ÌBÉÈRÈ MẸ́TA KÍ OWÓ TÓ JÁDE

Ìkíní: Iṣẹ́ wo ni ó ń dúró dè é? Bí iṣẹ́ bá ti wà nílẹ̀, ẹ má ṣe dúró de ẹ̀rọ tí kò tíì dé. Ẹ ra èyí tí a ti dán wò tí ó lè ṣe iṣẹ́ náà. Bí kò bá sí iṣẹ́ kan, tí ó jẹ́ pé ojú ẹgbẹ́ ni ọmọ ń wò, ẹ dá owó yín dúró, tàbí kí ẹ fi ra ọjà.

Ìkejì: Owó wo ni a fẹ́ fi rà á? Ẹ rántí ọkùnrin tí Olúwa sọ nípa rẹ̀ nínú Lúùkù 14, ẹni tí ó yẹ kí ó jókòó ṣírò owó ilé ìṣọ́ kí ó tó fi ìpìlẹ̀ sọlẹ̀. Ẹ má ṣe yá owó èlé, ẹ má sì fọwọ́ kan owó ọjà nítorí ohun tí iye rẹ̀ yóò já lulẹ̀ ní ọdún tí ń bọ̀.

Ìkẹta: Ta ni yóò tún un ṣe? Àwọn tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ọ̀tìgbà, ní Ikẹja, mọ iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n wọn kò lè tún ohun tí ẹ̀yà ara rẹ̀ kò tíì dé ọjà ṣe. Ti èyí tí ó ti pẹ́ díẹ̀ wà nílẹ̀, títí kan bátìrì àti ṣájà.

Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni ẹ ń rà, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, kí ẹ lò ó fún bíi wákàtí kan níwájú ẹni tí ń tà á, nítorí bátìrì ni yóò gbà yín nígbà tí NEPA bá mú iná lọ. Ẹ tẹ gbogbo lẹ́tà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ gba rìsíìtì tí nọ́ńbà ẹ̀rọ náà wà nínú rẹ̀, kí ẹ má baà ra ẹrù olè.

Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti ra àkọ́jáde. Ẹni tí owó rẹ̀ ká a, tí kò ní fi ebi pa ilé, kí ó rà á. Ṣùgbọ́n fún púpọ̀ nínú wa, èyí tí ó jáde ṣáájú rẹ̀ ni tiwa. Arábìnrin wa tún dá àjọ mìíràn. Ní ìparí ọdún 2024, ó ra tòkunbọ̀ kan fún ọmọ rẹ̀. Kò fẹ́lẹ́, kò sì fúyẹ́, ṣùgbọ́n òun ni ọmọ náà fi ń kọ ìṣirò ọjà ìyá rẹ̀ lónìí. Lọ́tẹ̀ yìí, kí wọ́n tó lọ sọ́jà, àwa ni a kọ́kọ́ béèrè iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.