Akọ ni ìwé, abo ni tábìlì: ẹ̀kọ́ Faransé àwọn ọmọ wa

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń gbé Kánò àti agbègbè rẹ̀, ọ̀rọ̀ èdè Faransé tí àwọn ọmọ ń kọ́ nílé ìwé ni a fẹ́ bá yín sọ. Àwọn òbí kan ti ń wá bá wa pé kí a bá àwọn bẹ olùkọ́ kó yọ ọmọ àwọn kúrò nínú ẹ̀kọ́ náà, torí pé ọmọ kò mọ ìgbà tó yẹ kó lo "le" àti ìgbà tó yẹ kó lo "la". Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń na ọmọ sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ẹgba sílẹ̀ ná.

Èdè tiwa kò ní irú rẹ̀. "Ó ti dé" là ń wí, ì báà jẹ́ ọkùnrin, ì báà jẹ́ obìnrin, ì báà jẹ́ mọ́tò. Lóòótọ́ a ní akọ òkúta, ṣùgbọ́n ìyẹn kò yí ọ̀rọ̀ mìíràn padà. Ti Faransé kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ orúkọ ló jẹ́ akọ tàbí abo. Ìwé jẹ́ akọ, "le livre". Tábìlì jẹ́ abo, "la table". Bí ìwé bá kéré, "petit" ni. Bí tábìlì bá kéré, "petite" ni.

Àjèjì ha ni èyí jẹ́ fún wa bí? Háúsá tí à ń fi ra ẹran àti ata lójoojúmọ́ ní akọ àti abo. "Littafi ne", "mota ce". Àwọn ọmọ wa tí a bí síbí kì í ṣì í sọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ wọn, etí ni wọ́n fi gbọ́ ọ. Ọmọ tó lè ṣe ìyẹn kì í ṣe olódo.

Kí wọ́n má kàn wá ìdí kiri. Háúsá ka oòrùn, "rana", sí abo, ó ka òṣùpá, "wata", sí akọ. Faransé yí i po: "le soleil" ni oòrùn, "la lune" ni òṣùpá. Irùngbọ̀n pàápàá, "la barbe", abo ni! Inú èdè Látìn ni púpọ̀ rẹ̀ ti wá. Ẹ̀yà mẹ́ta ni Látìn ní, ẹ̀kẹta kò ṣe akọ, kò ṣe abo. Nígbà tó di Faransé, ẹ̀kẹta yìí parẹ́, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì bọ́ sọ́dọ̀ akọ.

Ìparí ọ̀rọ̀ a máa ṣèrànwọ́. Èyí tó bá parí sí "-tion" tàbí "-té" sábà máa ń jẹ́ abo: "la nation", "la santé", ìyẹn ìlera. Ti "-ment" àti "-age" sábà máa ń jẹ́ akọ: "le gouvernement", "le village". Ṣùgbọ́n "la plage", etí òkun, ya ọ̀tọ̀, gẹ́gẹ́ bí "gida" àti "ruwa" ṣe jẹ́ akọ ní Háúsá bó tilẹ̀ jẹ́ pé "a" ló parí wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà Maradi, ó kàn yín náà. "Le livre" ni ìwé, "la livre" ni owó pọ́n-ùn ìlú ọba. "Le poste" lè jẹ́ ipò iṣẹ́, "la poste" ni ilé ìfìwéránṣẹ́.

Ibi tó ń dá àwọn ọmọ láàmú jù ni ọ̀rọ̀ tí fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀. Omi jẹ́ abo, ṣùgbọ́n "l'eau" ni wọ́n ń kọ, ẹ̀yà rẹ̀ sì fara pamọ́. Ọ̀rẹ́ mi obìnrin ni "mon amie", kì í ṣe "ma amie". Bí olùkọ́ bá fagi lé e, ó tọ́.

Ẹ ra ìwé kékeré kan fún ọmọ. Kó fi bírò búlúù kọ akọ, kó fi pupa kọ abo, ọ̀rọ̀ márùn-ún lójúmọ́, kó má sì kọ ọ̀kankan láìsí "un" tàbí "une" níwájú rẹ̀. Kó kà á sókè sí yín létí lálẹ́. Ẹni tí kò gbọ́ Faransé rárá yóò mọ̀ bí "un" tàbí "une" bá fò.