Bí Wọ́n Ṣe Bẹ̀rẹ̀ Sí Í La Ìwé Kan Sí Fíìmù Méjì

Nínú ìwé Harry Potter méjèèje, ìkarùn-ún, Order of the Phoenix, ló nípọn jù. Ojú-ìwé 766 ni nínú ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí fíìmù rẹ̀ jáde lọ́dún 2007, ìṣẹ́jú 138 péré ni, òun ló sì kúrú jù nínú márùn-ún tó ti jáde nígbà náà. Ìkeje, Deathly Hallows, tí kò ju ojú-ìwé 607 lọ, ni wọ́n wá fún ní fíìmù méjì. Bí wọ́n bá ní kí n sọ tẹnu mi lórí fíìmù tí wọ́n ń yọ látinú ìwé àwọn ọ̀dọ́langba, ibẹ̀ ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀, torí àwọn tó ń gbèjà ilé-iṣẹ́ fíìmù kì í yé sọ pé ìwé ló tóbi jù. Bó bá jẹ́ ti ìtóbi ni, a mọ ìwé tó kàn.

Lionel Wigram, ọ̀kan nínú àwọn olóòtú fíìmù náà, ló dá àbá pé kí wọ́n pín in. David Heyman, olóòtú àgbà, kọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, kó tó padà gbà, wọ́n sì kéde rẹ̀ lóṣù Kẹta 2008. Àlàyé wọn ni pé nínú àwọn ìwé ìṣáájú, èèyàn lè yọ ẹ̀ka ìtàn kan kúrò kí ìyókù má bàjẹ́, àmọ́ nínú ti ìgbẹ̀yìn yìí, gbogbo rẹ̀ ló so kọ́ra. Mo gbà wọ́n gbọ́ dé ààyè kan. Ẹ jẹ́ ká sì wo owó. Apá kìíní pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 960 dọ́là lọ́dún 2010, apá kejì sì kọjá bílíọ̀nù 1.3 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ya méjèèjì, pẹ̀lú òṣèré kan náà, aṣọ kan náà, ilé kan náà tí wọ́n kọ́ fún yíyàwòrán. Kò sí ọlọ́jà tó máa rí irú èrè bẹ́ẹ̀ tí kò ní fẹ́ dán an wò.

Àwa tá a dàgbà sídìí fíìmù àgbéléwò Yorùbá, ọgbọ́n yẹn kò ṣàjèjì sí wa. Ìyálé ti na ọwọ́ láti ṣílẹ̀kùn yàrá tí ọkọ rẹ̀ àti àlè wà, bẹ́ẹ̀ ni orin á gòkè, wọ́n á ní ká máa retí apá kejì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn á tún lọ ra àwo mìíràn.

Ilé-iṣẹ́ Summit, tó ni fíìmù Twilight, kò jẹ́ kó pẹ́. Wọ́n gbé Breaking Dawn ti Stephenie Meyer fún Bill Condon, ó sì jáde ní 2011 àti 2012. Apá kìíní jẹ́ ìgbéyàwó, oyún àti ìrọbí. Ìgbà kan wà níbẹ̀ tí tọkọtaya tuntun jókòó sí erékùṣù kan ní Brazil, tí wọ́n ń ta ayò chess. Mo ní sùúrù díẹ̀, àmọ́ ó ní ibi tó mọ. Apá kejì ló yà mí lẹ́nu. Nínú ìwé, àwọn ọ̀tá méjèèjì kóra jọ sórí yìnyín, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n túká. Nínú fíìmù, wọ́n jà, orí Carlisle, olórí ìdílé tí ìyàwó náà wọ̀, kúrò lọ́rùn rẹ̀, àwọn tó mọ ìwé náà lámọ̀dunjú sì ń pariwo ní sinimá. Lẹ́yìn náà la tó mọ̀ pé ìran tí Alice, ọmọ ilé kan náà, fi han olórí àwọn ọ̀tá ni, kò ṣẹlẹ̀ rárá. Ohun tó dára jù nínú fíìmù márààrún nìyẹn, kò sì sí nínú ìwé.

Ní oṣù Kìíní 2012, Lionsgate ra Summit. Oṣù Keje ọdún náà ni Lionsgate kéde pé Mockingjay, ìwé tó kẹ́yìn nínú The Hunger Games nígbà náà, máa di méjì. Ìwé ojú-ìwé 390! Mi ò ní purọ́, àyè tí wọ́n rí yẹn bí ohun gidi kan: Katniss, ọmọbìnrin tí ìtàn náà dá lé, nínú èéfín àtọwọ́dá, tó ń ka ọ̀rọ̀ ìpolongo ogun bí ẹni tí wọ́n fipá mú, tí Haymitch, olùtọ́ni rẹ̀, sì ń pàtẹ́wọ́ yẹ̀yẹ́. Àmọ́ ibi tí apá kìíní parí sí, tí Peeta, ẹni tí Katniss fẹ́ràn, ń jà lórí ibùsùn tí wọ́n dè é mọ́, kì í ṣe ìparí ìtàn kankan. Àwọn òǹwòran sì fowó sọ̀rọ̀. Catching Fire ti pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 865 dọ́là ní 2013. Apá kìíní Mockingjay pa bíi 755. Apá kejì já wálẹ̀ ju gbogbo àwọn tó ṣáájú rẹ̀ lọ.

Wọn ò gbọ́. Wọ́n tún la Allegiant, ìwé tí Veronica Roth fi parí ìtàn Tris. Apá kìíní rẹ̀, lọ́dún 2016, pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 179, nígbà tí Insurgent tó ṣáájú ti pa tó 297. Ìyókù, tó yẹ kó jáde ní 2017, ni wọ́n ní àwọn máa gbé lọ sórí tẹlifíṣọ̀n. Shailene Woodley, tó ń ṣe Tris, kò fara mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ náà sì kú. Nínú ìwé, Tris kú, ikú yẹn sì bí ọ̀pọ̀ òǹkàwé nínú. Ẹni tó bá jẹ́ fíìmù nìkan ló wò, Tris ṣì wà láàyè lọ́dọ̀ rẹ̀ títí dòní.

Àwọn tó ṣe Maze Runner ti wo àwòkọ́gbọ́n: fíìmù kan ṣoṣo ni wọ́n fi parí tiwọn ní 2018. Nígbà tó fi máa di 2023, Francis Lawrence, tó darí apá Mockingjay méjèèjì, jẹ́wọ́ pé òun kábàámọ̀ pípín in. Lọ́dún náà ló gbé The Ballad of Songbirds and Snakes jáde, ìwé ojú-ìwé 517 tó padà sínú ìtàn The Hunger Games, nínú fíìmù kan tó jẹ́ ìṣẹ́jú 157. Apá ìgbẹ̀yìn rẹ̀ sáré, ìwà ìkà Snow, ẹni tí ìtàn náà dá lé, sì hù lójijì ju bó ṣe wà nínú ìwé lọ. Mo fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Owó tíkẹ́ẹ̀tì kan ni mo san, mo sì rí ìparí ìtàn.