Ẹni tí a Pa Iyè Rẹ̀ Rẹ́

Inú ìwé ìtàn aláwòrán Captain America ti oṣù kẹta, ọdún 1941, ni Joe Simon àti Jack Kirby ti kọ́kọ́ gbé Bucky Barnes jáde, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń bá Captain America jagun. Ó pẹ́ tí àwọn òǹkàwé ti gbà pé ó ti kú. Ní 2005, Ed Brubaker tí í ṣe òǹkọ̀wé, àti Steve Epting tí í ṣe ayàwòrán, mú un padà ní Winter Soldier: àwọn ará Rọ́ṣíà ti pa iyè rẹ̀ rẹ́, wọ́n sì ti sọ ọ́ di apànìyàn.

Nígbà tí iyè rẹ̀ sọjí, ìrántí gbogbo àwọn tí ó pa bá a sọjí. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó ṣe é, ìfẹ́ inú rẹ̀ kọ́. Ẹ̀dá a máa kúnlẹ̀ yan orí. Ní ti ọkùnrin yìí, ẹlòmíràn ni ó bá a yàn án.

Kí ó tó gba asà Captain America ní 2008, ohun méjì ni ó béèrè: kí a yọ àṣẹ àjèjì tí ó bá ṣẹ́kù nínú ọpọlọ rẹ̀, kí òun má sì sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni. Èyí kò pa ẹ̀jẹ̀ àtẹ̀yìnwá rẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà lọ, ohun tí ó bá ṣe, òun ni ó yàn án.