Kúrúnà Kọ́ Ni Gbogbo Ohun Tó Ń Yún Ajá

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí á fi gbólóhùn kan bẹ̀rẹ̀: "Ara ń yún mi." Ara ni olùwà gbólóhùn náà, ẹni tí ìyà ń jẹ ló bọ́ sí ipò àbọ̀. Ènìyàn lè sọ ọ́, kí dókítà sì bi í pé níbo ló ti ń yún un, láti ìgbà wo. Ajá kò lè sọ ọ́. Gbogbo ohun tí à ń rí ni pé ó ń họra, ó ń lá àtẹ́lẹsẹ̀, ó ń fi etí nu ògiri. Àwa la ó sọ àrùn náà lórúkọ, orúkọ tí a bá sì sọ ọ́ ni yóò pinnu oògùn tí a ó rà.

Orúkọ tó máa ń yá wa lẹ́nu jù ni kúrúnà. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan lè fẹ̀ ní èdè kan, kí èyí tí a fi túmọ̀ rẹ̀ ní èdè mìíràn há. Bí ará Kétu bá ní kúrúnà ń da ajá òun láàmú, tí olóògùn sì ń fi Faransé rò ó, gale ni yóò gbọ́. Gale kò fẹ̀ tó kúrúnà: àìsàn tí kòkòrò tíntìntín ara awọ ń fà nìkan ni. Oògùn gale ni ajá yóò gbà, ì báà jẹ́ iná ajá ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ì báà jẹ́ làpálàpá, ì báà sì jẹ́ pé oúnjẹ rẹ̀ ni kò bá a lára mu.

Ibi tí ajá ti ń họra ló yẹ kí á kọ́kọ́ wò. Bó bá jẹ́ ìbàdí títí dé ìdí ìrù, iná ajá ni kí á fura sí, ìyẹn kòkòrò kékeré tó ń ta nínú irun. (Àwọn kan a máa pè é ní eégbọn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n eégbọn kì í ta, ńṣe ló ń lẹ̀ mọ́ awọ.) Ajá wà tí itọ́ iná kò bá lára mu rárá, tó jẹ́ pé bí méjì péré bá gé e jẹ, yóò họra fún ọjọ́ púpọ̀. Ẹ lè tú irun rẹ̀ wò kí ẹ má rí ìkankan. Ẹ fi ìyarun eléyín wẹ́wẹ́ ya á, kí ẹ gbọn ohun tó bá jáde sórí bébà funfun tó tutù. Bí èérí dúdú náà bá yọ pupa, ìgbẹ́ iná ni. Ẹ̀jẹ̀ ajá ló wà nínú rẹ̀. Èyí tó wà lára ajá kò tó nǹkan: nínú ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí 95 ló jẹ́ ẹyin, ìdin àti èyí tí kò tíì dàgbà, lórí ẹní, nínú iyanrìn, lábẹ́ àga. Nítorí náà, fífọ ẹní àti gbígbá ilẹ̀ jẹ́ apá kan oògùn náà. Ní ti eégbọn, ibi tí ògiri bá ti lanu ni abo rẹ̀ máa ń yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin sí.

Bó bá jẹ́ etí etí ni (ẹ ò ní ṣàì rí i pé etí méjì yẹn kì í ṣe ọ̀kan náà) àti ìgúnpá, tí èépá bò ó, tí ọmọ ilé tó ń gbé e mọ́ra náà sì bẹ̀rẹ̀ sí họwọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gale gan-an. Ó ń ràn, ṣùgbọ́n ti ènìyàn sábà máa ń tán bí ajá bá gba ìtọ́jú. Gale kejì wà tí kì í ràn bẹ́ẹ̀: lára ìyá ni ọmọ ajá ti ń kó o láàrin ọjọ́ díẹ̀ tí a bí i. Irun á re yí ojú àti ẹnu ká, síbẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yún un. Làpálàpá ní tirẹ̀ a máa re irun ní róbótó, ó sì máa ń ran àwọn ọmọdé.

Èyí tó ṣòro jù ni ti àtẹ́lẹsẹ̀, ojú, abíyá àti ikùn. Níbẹ̀ ni ohun tí kò bá ara mu ti ń wọ ọ̀rọ̀: eruku, lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó, oúnjẹ. Ti eruku àti òdòdó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàrin oṣù mẹ́fà sí ọdún mẹ́ta. Àwọn ajá kékeré kan tilẹ̀ ń jogún rẹ̀; West Highland White Terrier lókìkí fún un. Ajá kékeré tún sún mọ́ ilẹ̀, ikùn rẹ̀ ló fi ń gbá eruku pupa Kétu. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ṣeé gbára lé fún ti oúnjẹ. Ńṣe ni a ó fún un ní ẹran kan ṣoṣo tí kò jẹ rí, pẹ̀lú iṣu tàbí ìrẹsì, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, láìsí ẹyọ egungun kan láti ọ̀dọ̀ aládùúgbò. Nínú agbo ilé wa, egungun aládùúgbò yẹn gan-an ni wàhálà. Lẹ́yìn náà ni a ó dá oúnjẹ àtijọ́ padà, ká wò ó bóyá yíyún náà yóò padà.

Ẹ wá wo ohun tí àṣìpè ń fà. Prednisolone tètè ń pa yíyún, ṣùgbọ́n ó ń dín agbára tí ara fi ń bá àrùn jà kù. Bó bá jẹ́ làpálàpá tàbí gale kejì yẹn ló wà níbẹ̀, yóò gbilẹ̀ sí i. Amitraz, oògùn eégbọn màlúù tí a ń pò mọ́ omi, ń ṣiṣẹ́ fún gale lóòótọ́, ṣùgbọ́n a kì í lò ó fún Chihuahua. Ajá kílò 4 tó bá gba ìwọ̀n oògùn ajá kílò 20 ti gba ìlọ́po márùn-ún. Tábúlẹ́ẹ̀tì bíi fluralaner, tó dé ọjà lọ́dún 2014, ń pa iná àti eégbọn, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún gale méjèèjì. Ajá tó bá ní wárápá ni a kì í fún láìbi dókítà. Ọ́ìlì mọ́tò tó ti dúdú, tàbí kpayo inú ìgò, tí àwọn kan ń dà sára ajá, májèlé ni. Ajá á lá a mì, awọ rẹ̀ á sì bó.

Dókítà ẹranko tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Dakar, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ EISMV ti wà láti 1968, Faransé ló fi kọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má gbé "kúrúnà" nìkan lọ bá a. Ẹ sọ ibi tí ajá ti ń họ, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ (òjò ni tàbí ọyẹ́), ohun tó ń jẹ, àti ẹni mìíràn tó ń họra nínú ilé. Yóò fi abẹ ha awọ náà díẹ̀, yóò sì fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó. Bí kò bá rí kòkòrò kankan, ìyẹn kò tíì sọ pé kò sí. Kòkòrò gale àkọ́kọ́ mọ̀ ọ́n sá pamọ́, dókítà sì lè fi oògùn rẹ̀ dán an wò ná kó tó wá orúkọ mìíràn.