Ẹnu Dùn-ún Ròfọ́: Ìmọ̀ Inú Ìwé àti Iṣẹ́ Orí Kọ̀ǹpútà

Àwọn àgbà ní ẹnu dùn-ún ròfọ́, agada ọwọ́ dùn-ún ṣánko. Kò sí kọ̀ǹpútà láyé nígbà tí wọ́n pa òwe yìí, síbẹ̀ ó bá iṣẹ́ ẹ̀rọ náà mu púpọ̀. Ìlànà tí ó pé pérépéré lórí pátákó ìkọ̀wé lè dàṣìṣe bí ó bá dé orí ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan gbe ọ̀rọ̀ wa lẹ́sẹ̀. Ní ìdìbò ọdún 2023, orúkọ 93,469,008 ni ó wà nínú ìwé orúkọ àwọn olùdìbò Nàìjíríà. Bí akọ̀wé kan bá ń wá orúkọ kan ṣoṣo níbẹ̀, tí ó ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, ìgbà wo ni yóò kà á tán? Ṣùgbọ́n bí a bá ti to àwọn orúkọ náà ní ẹsẹẹsẹ a-b-d, kí ó ṣí ìwé náà sí àárín gan-an. Bí orúkọ tí ó ń wá bá ṣáájú èyí tí ó bá níbẹ̀, kí ó pa ìlàjì ti ẹ̀yìn tì. Bí ó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ó pa ti iwájú tì. Kí ó máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ sí ìlàjì tí ó kù. Kò ní wò ju ìgbà 27 lọ tí yóò fi mọ̀ bóyá orúkọ náà wà tàbí kò sí. Irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní algorithm.

Kò sí olùkọ́ tí kò lè ṣàlàyé èyí fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Kí a wá kọ ọ́ fún ẹ̀rọ ńkọ́? Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Jon Bentley, gbé iṣẹ́ náà fún àwọn tí ń fi kíkọ ètò kọ̀ǹpútà jẹun, ó sì fún wọn ní àkókò tí ó tó. Bí ẹnìkan péré nínú 10 ni ó ṣe é láìsí àṣìṣe.

Bentley kọ tirẹ̀ sínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1986, ó sì fi ẹ̀rí ìṣirò hàn pé ó pé. Joshua Bloch, tí ó ti gbọ́ ẹ̀kọ́ Bentley ní Yunifásítì Carnegie Mellon, kọ irú rẹ̀ fún èdè kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní Java. Ní ọdún 2006, Bloch kéde pé àṣìṣe kan náà wà nínú méjèèjì, àti pé ti inú Java ti ba níbẹ̀ fún bí ọdún 9 kí ó tó da iṣẹ́ ẹnìkan rú.

Kí ni àṣìṣe náà? Láti mọ àárín, wọ́n ro nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ìparí, wọ́n sì pín in sí méjì. Kò sí àléébù níbẹ̀ lórí ìwé, nítorí nọ́ńbà inú ìwé kò lópin. Ṣùgbọ́n àyè tí Java fún irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ kò gbà ju 2,147,483,647 lọ. Bí àròpọ̀ bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ kò ní kígbe; ńṣe ni yóò sọ ọ́ di nọ́ńbà tí ó kéré sí òdo. Ó di ìgbà tí àkójọ bá lé ní bílíọ̀nù 1 kí ìjàǹbá náà tó ṣẹlẹ̀, irú èyí tí ó ṣọ̀wọ́n ní 1986, ṣùgbọ́n tí ó ti wọ́pọ̀ nísinsìnyí ní ilé-iṣẹ́ bíi Google. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: kí a yọ ìbẹ̀rẹ̀ kúrò nínú ìparí, kí a pín ìyókù sí méjì, kí a sì fi ìbẹ̀rẹ̀ kún un.

A kò bu ẹnu àtẹ́ lu ìmọ̀ inú ìwé. Láìsí i, ta ni ìbá mọ̀ pé ìgbà 27 tó fún orúkọ mílíọ̀nù 93? Láìsí iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú, ta ni ìbá rí àléébù tí ẹ̀rí ìṣirò kò rí? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ní báyìí tí owó oṣù, èsì ìdánwò àti orúkọ olùdìbò ti wọ inú kọ̀ǹpútà, àṣìṣe tí ẹ̀rọ kò kígbe lé lórí lè gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ aláìṣẹ̀.

Nítorí náà ni a fi ń rọ ẹ̀yin olùkọ́ wa pé kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà parí sí orí pátákó. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, kí ó dán an wò pẹ̀lú àkójọ tí kò ní nǹkan nínú, èyí tí ó ní ẹyọ kan, àti èyí tí ó kún dé ẹnu. Níbi tí kò bá sí kọ̀ǹpútà, ìwé ìpe-orúkọ kíláàsì tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí ẹ ń bèèrè ẹ̀rọ lọ́wọ́ ìjọba fún ilé-ẹ̀kọ́, ẹ bèèrè olùkọ́ tí ó mọ tinú ìwé tí ó sì mọ tọwọ́ pẹ̀lú. Bí a bá ra ẹ̀rọ tí a kò ní olùkọ́, owó ìlú ni a sọ nù.