Ọkọ̀ Tí Ń Sáré Lókè Omi

Ọkọ̀ ojú omi kì í yára tó ọkọ̀ òfurufú. Kí ni ó fà á? Omi wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó sì máa ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá ti gbìyànjú láti sáré nínú odò tí ó mù ún dé orókún yóò mọ̀ pé òótọ́ ni. Nítorí èyí, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kan rò ó pé: ṣé a kò lè ṣe ọkọ̀ tí yóò máa fò lókè omi díẹ̀, tí kò ní fi ara kan omi?

Ẹ jẹ́ kí a dán nǹkan kan wò. Mú ìwé pẹlẹbẹ kan, kí o jẹ́ kí ó bọ́ sórí ilẹ̀ tí ń dán. Nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó balẹ̀, ìwé náà lè yọ̀ lọ síwájú. Afẹ́fẹ́ tí ó há sí àárín ìwé àti ilẹ̀ ni ó gbé e dúró. Bákan náà, nígbà tí ọkọ̀ oníyìí-ẹ́ bá ń sáré nítòsí omi, afẹ́fẹ́ a há sí abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀, a sì dà bí tìmùtìmù tí ó gbé e ró.

Ní ọdún 1935, Toivo Kaario, ará Finland, ti dán irú ẹ̀rọ yìí wò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Rostislav Alexeyev, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ kékeré, SM-1, fò ní ọdún 1961. Ní ọdún 1966, èyí tí ó tóbi jù, KM, gbéra lórí Òkun Káspíà. Gígùn rẹ̀ tó mítà 92. Ẹ́ńjìnnì mẹ́wàá ni ó ní: mẹ́jọ níwájú, méjì ní ìrù. Ó lè sáré ju 400 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà rí àwòrán rẹ̀ tí wọ́n yà láti òfurufú, ẹnu yà wọ́n. Wọ́n sọ ọ́ ní Ẹranko Abàmì Òkun Káspíà.

Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó dára tí kò ní àbùkù. Ìgbì ńlá lè ba irú ọkọ̀ yìí jẹ́. Kò sì rọrùn fún un láti ṣẹ́rí lójijì, nítorí ìyẹ́ rẹ̀ lè kan omi. Ní ọdún 1980, Alexeyev kú. Ní ọdún yẹn kan náà, awakọ̀ KM gbé imú ọkọ̀ náà sókè jù, ọkọ̀ sì já sínú omi. Ẹnikẹ́ni kò kú, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà rì.

Òmíràn tí wọ́n ń pè ní Lun kò rì ní tirẹ̀. Ní ọdún 2020, wọ́n wọ́ ọ lọ sí etí òkun ní ìlú Derbent, ní Rọ́ṣíà, kí àwọn ènìyàn lè máa wò ó.

Ìbéèrè
1. Kí ni ó ń fa ọkọ̀ ojú omi sẹ́yìn?
2. Kí ni ó ń gbé ọkọ̀ Alexeyev ró lókè omi?
3. Kí ni ó mú kí KM já sínú omi?