Ògiri Ọ̀yọ́-Ilé Ń Wó Lọ, Ẹ Jẹ́ Ká Sọ̀rọ̀

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń gbé Àbújá àti agbègbè rẹ̀, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ti owó ẹgbẹ́. Ti ààfin àwọn baba wa tó wà nínú igbó ni.

Ọ̀yọ́-Ilé, tí àwọn Haúsá ń pè ní Katunga, ni olú-ìlú Aláàfin láyé àtijọ́. Lóṣù kìíní ọdún 1826, òyìnbó kan, Hugh Clapperton, dé ibẹ̀, Aláàfin Májòtú sì gbà á lálejò. Ó kọ ohun tó rí sílẹ̀: igbó dídí tó yí ìlú ká, yàrà gbígbẹ, ògiri amọ̀ tó ga tó 20 ẹsẹ̀ bàtà, àti ẹnubodè 10. Ó ní ẹni tó bá rìn yí ògiri náà ká yóò rìn tó máìlì 15. Ilé Aláàfin àti ti àwọn olorì nìkan gba nǹkan bíi máìlì kan níbùú lóòró. Wọ́n gbẹ́ ọnà sára òpó àti ilẹ̀kùn: òjòlá tó ń pa ẹran, jagunjagun pẹ̀lú onílù.

Kí ló wá bà á jẹ́? Ìjà ilé ni. Afọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, yapa ní Ìlọrin, àwọn ìjòyè náà ò sì fi ohùn ṣọ̀kan. Nígbà tí Aláàfin Olúewu kú sójú ogun Ẹlẹ́dùwẹ̀, àwọn èèyàn kó ẹrù wọn, wọ́n forí lé gúúsù. Ní nǹkan bí ọdún 1837, Àtìbà tẹ̀dó sí Àgọ́-Ọjà, tí à ń pè ní Ọ̀yọ́ lónìí.

Ilé amọ̀ ò fẹ́ kí èèyàn kúrò nínú òun. Bí kò bá sí ẹni tí yóò rẹ́ ẹ, tí yóò sì tún un bò, òjò á jẹ ẹ́ lórí, gbòǹgbò igi á là á nísàlẹ̀. Òkìtì gígùn, yàrà, àpáàdì àti ojú ọlọ lórí àpáta ló kù níbẹ̀ báyìí, pẹ̀lú igi osè. Láti ọdún 1991 ni ìjọba àpapọ̀ ti sọ ibẹ̀ di ọgbà ẹranko ńlá, 2,512 kìlómítà níbùú lóòró. Ṣùgbọ́n iná ìgbẹ́, ọdẹ àti màlúù ò mọ ògiri Aláàfin yàtọ̀ sí òkìtì lásán.

Ẹ wo Sùlẹ́jà nítòsí wa níbí. Àwọn Haúsá tí ogun lé kúrò ní Zaria ló tẹ̀ ẹ́ dó ní ọdún 1828, lásìkò tí Ọ̀yọ́-Ilé ń mì lọ́wọ́; orúkọ ìlú yẹn gan-an ni Àbújá tiwa ń jẹ́. Ààfin wọn ṣì ní ọba nínú, ìdí nìyẹn tó fi dúró. Ogun kan náà ló jà, ẹnìkan tún ilé kọ́, ẹnìkan fi ilé sílẹ̀ fún igbó.

Ọ́fíìsì àgbà àwọn tó ń ṣàkóso ọgbà náà wà nílùú wa níhìn-ín. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ ìlú kọ̀ọ̀kan kọ lẹ́tà sí wọn: kí wọ́n la ọ̀nà débẹ̀, kí wọ́n dá ààbò iná yí ògiri ká, kí wọ́n sì gba ọmọ abúlé ìtòsí síṣẹ́ ọ̀nà fífihàn. Bí ẹ bá ń lọ sílé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ mú àwọn ọmọ débẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú àpáàdì kan bọ̀ o. Níbi tó wà yẹn ló ti ń sọ̀tàn.